Iye Ẹnu Tó Mu Omi Àlàájì Àṣírù

Ẹ ti fura pé kànga náà máa gbẹ. Ó gbẹ. N kò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín, nítorí kò sí ọgbọ́n nínú kí n máa fi ohun tí gbogbo Kambolé mọ̀ ṣe àdììtú. Ẹni tó bá gbẹ́ kànga sórí òkè nítorí pé orí òkè ni ọkọ̀ ń gbà kọjá, kò nílò aríran kó tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ òun máa já sí. Ohun tó yẹ ká sọ ni bí ọkùnrin kan tó ti lọ sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì, tó ní ilé alájà méjì ní Sokodé, tó sì ń sọ Faransé tí àwọn tó ni èdè náà gan-an kì í gbọ́ tán, ṣe di ẹni ìkẹyìn tó gbọ́ ìròyìn kànga ara rẹ̀.

Àlàájì Àṣírù ni orúkọ rẹ̀. Sìmẹ́ńtì ló ń tà ní Kouloundè, ní Sokodé. Ọmọ Kambolé ni, ọmọ olóko iṣu, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ó ti gbọn iyẹ̀pẹ̀ ebè kúrò lẹ́sẹ̀. Bí ó bá ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ Jímọ̀, agbádá rẹ̀ á ti gba sítáàṣì débi pé ẹ máa gbọ́ ìró aṣọ kí ẹ tó rí ẹni tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá kí i pé "Àlàájì" lásán, á dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí ìyókù, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ.

Àkànó ni bàbá rẹ̀. Àkànó kò lọ sí Mẹ́kà rárá. Iṣu ló gbìn, ó sì gbìn ín dáadáa títí tó fi kú. Ó fi ọmọ mẹ́jọ sílẹ̀ àti àbúrò obìnrin kan, Ìdíátù, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì yá ju ti àwọn ìyàwó ilé lọ. Nígbà tí ọdún kan pé tí wọ́n ti sin Àkànó, Àṣírù kéde pé òun máa ṣe sàráà tí kì í tán fún un, èyí tí àwọn àlùfáà ń pè ní sàdákátù járíyà. Ẹni tó bá gbẹ́ kànga ní orúkọ òkú, gbogbo ẹnu tó bá mu níbẹ̀, èrè rẹ̀ ń lọ bá òkú náà nínú sàréè, níwọ̀n ìgbà tí omi náà bá ṣì ń ṣàn. Nǹkan tó dára ni. Kò sí ẹni tó lè bú u. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ràn ara rẹ̀ jù fi máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Bírò omi, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó omi ní Tchamba, rán oníṣẹ́ kan wá láti wá ibi tó yẹ kí wọ́n gbẹ́. Ràhámátù ni wọ́n ń pè é, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ọmọ Koussountou, tó kàwé nípa omi abẹ́ ilẹ̀ ní Lomé. Alùpùpù ló gùn wá. Ó na wáyà sílẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrun Àílà, ó gbé kọ̀ǹpútà kékeré lé itan, ó wò ó, ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ó mú Àlàájì sọ̀kalẹ̀ lọ sí àfonífojì tó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí kànga mẹ́rin tí àwọn àgbà fi ọwọ́ gbẹ́ wà.

"Ibí ni, Bàbá," ó ní. "Àpáta ló wà lábẹ́ gbogbo agbègbè yìí. Àpáta kì í gba omi sára, àfi ibi tó bá ti sán, àti èyí tó ti jẹrà lókè rẹ̀. Níbí, èyí tó jẹrà náà nípọn, ó sì ń fa omi bíi kànìnkànìn. Òjò tó bá rọ̀ sórí òkè, ibí ló ń wá sùn sí."

Àlàájì wo àfonífojì náà. Ó rí ewúrẹ́ mẹ́ta. Ó rí igi òrí kan. Kò rí títì.

"Ta ló ń gba ibí kọjá?"

"Àwọn tó ń wá pọn omi."

"Àwọn yẹn mọ bàbá mi. Kí ni mo tún fẹ́ sọ fún wọn?"

Ó mú un padà sórí òkè, sétí títì Tchamba, níbi tí kòtò ti pọ̀ débi pé gbogbo ọkọ̀ ní láti rọra, kí èrò inú rẹ̀ lè ráyè ka ohunkóhun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ tán.

"Ibí ńkọ́?"

"Orí àpáta gan-an la dúró sí yìí, Bàbá. Omi lè wà, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Bóyá ojú kan ṣoṣo tó sán ló wà nísàlẹ̀."

"Mamusẹ́ẹ̀lì," ni Àlàájì fi Faransé pe ọmọge náà, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ti ẹni tó ń bá ọmọ tí kò tíì wọ ilé ìwé sọ̀rọ̀, "sur le plan hydraulique, ní ti ọ̀rọ̀ omi, kò síbi tí omi kò sí. Ó wà lábẹ́ Sàhárà."

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n Kambolé la wà."

Orí òkè ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Ọjọ́ méjì ni ẹ̀rọ fi ń pọ eruku funfun jáde, tí àwọn tó ń wòran sì ń fi etí aṣọ bo imú. Ní mítà ọgọ́rin, omi díẹ̀ yọ. Àlàájì pa àgbò kan. Ràhámátù kò bá wọn jẹ nínú ẹran náà. Ó jókòó ti kànga láti òwúrọ̀ di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń fa omi, ó ń dúró, ó ń wọn bó ṣe ń padà.

"Àgbá mẹ́rin ni àpáta yìí lè fún yín ní wákàtí kan," ó sọ nígbà tó parí. "Bí ẹ bá fà á fún wákàtí mẹ́fà, ẹ pa pọ́ńpù, kí ó sinmi di ọjọ́ kejì. Bẹ́ẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ yín á bá a níbẹ̀."

"Kí n pa á?" Àlàájì yíjú sí àwọn tó ń gbé páńẹ́lì oòrùn sókè. "Oòrùn ló ń fa pọ́ńpù yìí. Ọlọ́run ló tan oòrùn. Ìgbà wo ni èmi Àṣírù di ẹni tó ń pa ohun tí Ọlọ́run tàn?"

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín, nítorí ẹran àgbò ṣì wà lẹ́nu wọn. Ràhámátù na ìka sí bọ́tìnnì tó wà lára àpótí pọ́ńpù. "Èèyàn ló fi èyí síbẹ̀, Bàbá," ó ní, ó sì gun alùpùpù rẹ̀ lọ.

Sìmẹ́ńtì kì í wọ́n ẹni tó ń tà á. Ẹsẹ̀ tí wọ́n gbé tánkì omi lé tóbi ju ilé tí Àkànó bí àwọn ọmọ rẹ̀ sí lọ. Wọ́n ṣe róbínẹ̀ mẹ́fà, ẹnu ẹ̀rọ tí omi ń gbà dà, yí i ká. Lára tánkì ni wọ́n kọ ọ́ sí, ní àwọ̀ ewé: KÀNGA ÀLÀÁJÌ ÀṢÍRÙ, NÍTORÍ BÀBÁ RẸ̀ ÀKÀNÓ. Ẹni tó bá ń sáré lọ lórí alùpùpù lè ka orúkọ àkọ́kọ́ láìdúró. Ó ní láti sọ̀kalẹ̀ kó tó lè ka èkejì.

Bí ọ̀rọ̀ bá dúró síbẹ̀, à bá ní ó tó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun ní Kouloundè, àwọn oníṣòwò jókòó, oníkálukú ń sọ̀rọ̀ kànga tó gbẹ́. Ọ̀kan ní ti òun ń fún ìlú kan lómi. Òmíràn ní ti òun ń fún ìlú méjì. Ẹnì kan tí kò gbẹ́ nǹkan kan wá béèrè pé, "Èèyàn mélòó ni?" Kò sẹ́ni tó mọ̀. Lójú Àṣírù, ó dà bí àyè òfìfo nínú ọjà tó kún. Òun ló máa jẹ́ ẹni tó mọ̀.

Ó gba Tìjání síṣẹ́. Ládánì ni Tìjání ní mọ́sáláṣí Kambolé fún ọgbọ̀n ọdún kí ohùn rẹ̀ tó lọ. Ó fi ọdún mẹ́wàá ju Àlàájì lọ, ṣùgbọ́n Àlàájì ń pè é ní Tìjání gbalaja, láìfi nǹkan kan ṣíwájú rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ni Tìjání ti ń jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò níwájú róbínẹ̀, òun àti tẹ̀súbáà ẹlẹ́yọ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Ẹnu kan, ẹyọ kan. Bí ó bá yí tẹ̀súbáà ká tán, á ju hóró àgbàdo kan sínú agolo mílíìkì. Ní ìrọ̀lẹ́, Àlàájì á pè é lórí fóònù.

"Mélòó?"

"Igba ó lé mẹ́tàdínlógún, Àlàájì."

"Igba ó lé ogún ni lánàá."

"Àwọn mẹ́ta lọ síbi ìsìnkú ní Koussountou."

"Wọn ò lè mu omi kí wọ́n tó lọ ni?"

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Tìjání béèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. "Àlàájì, ewúrẹ́ ńkọ́? Wọ́n ń mu èyí tó ń dà sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Àlàájì gbé e lọ bá Lèmámù. Lèmámù, èèyàn jẹ́jẹ́ tó mọ ohun tí wọ́n ń wá lẹ́nu òun, dáhùn pé òtítọ́ ni, gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tí èèyàn bá fún lómi, èrè wà níbẹ̀. Ó tún fẹ́ sọ nǹkan kan nípa àníyàn ọkàn, ṣùgbọ́n Àlàájì ti dìde. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì ṣe ọpọ́n ńlá fún ẹran, Àlàájì sì ti ránṣẹ́ sí àwọn Fúlàní darandaran tó ń da ẹran lọ sí gúúsù pé ọ̀nà ti là. Màlúù ọgọ́rin mu níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìka Tìjání wú.

"Èyí tó mu, tó lọ, tó tún padà wá mu ńkọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí o kà á."

Màlúù kan ń mu ohun tí ogún èèyàn ń mu, síbẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo ló jẹ́ lára tẹ̀súbáà. Ìṣirò yẹn kò sí nínú èyí tí Àlàájì ń ṣe. Èyí tó ń ṣe ni pé sàráà ọdún kẹta bàbá òun máa bọ́ sí oṣù Ṣáábánì, kí àwẹ̀ tó dé, àti pé kí ọjọ́ náà tó pé, iye ẹnu tó ti mu omi òun gbọ́dọ̀ pé ọ̀kẹ́ méjì. Ó ti sọ ọ́ ní Kouloundè. Ẹni tí kò bá sì sọ̀rọ̀ ní Kouloundè lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì. Ẹni tó bá ti sọ ọ́ níbẹ̀ ti sọ ọ́ fún gbogbo Sokodé, nítorí àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémì kì í gbé èrò nìkan.

Ọyẹ́ dé. Ewé gbẹ, ètè là. Oṣooṣù ni Ràhámátù ń wá, tó ń ju okùn rẹ̀ sínú kànga. Okùn náà ní àmì mítà lára, agogo kékeré kan sì wà tó máa ń dún bí ìdí okùn bá ti kan omi. Nínú oṣù Kẹwàá, mítà méjìlélógún ló lọ kó tó dún. Nínú oṣù Kejìlá, mẹ́tàdínlógójì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun, mọ́kàndínláàádọ́ta. Ní ọgọ́ta mítà ni wọ́n so pọ́ńpù rọ̀ sí. Ìṣirò tí ọmọ kíláàsì kejì lè ṣe ni, ìyẹn bí kò bá jẹ́ pé òun ló ni kànga.

Nísàlẹ̀ ní àfonífojì, ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ìdíátù ló ń ṣàkóso kànga mẹ́rin ibẹ̀, òun àti kòmité tí Ràhámátù bá wọn dá sílẹ̀. Wọ́n ṣe ìdérí, wọ́n fi àgádágodo sí i. Lẹ́yìn ìrun Àsùbá ni wọ́n ń ṣí i, wọ́n á tì í nígbà tí oòrùn bá ga. Wọ́n á tún ṣí i lẹ́yìn Alásárì títí di Màgàríbì. Ìyókù ọjọ́, kànga ń sinmi. Kí òjò ọdún tó kọjá tó dé, àwọn obìnrin ti to òkúta lábùú ojú odò tó máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, ní ìlà mẹ́ta, tí gíga rẹ̀ kò ju orúnkún lọ, kí àgbàrá má bàa sáré kọjá mọ́, kí ó dúró, kí ó wọlẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ fẹ́, omi kànga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà níbi tí garawa lè bá a láìfi okùn kún okùn. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára òkúta wọ̀nyẹn.

Ní Jímọ̀ kan nínú oṣù Ràjábù, bí wọ́n ṣe ń jáde ní mọ́sáláṣí, Ìdíátù dá Àlàájì dúró níwájú gbogbo èèyàn.

"Àṣírù, máa ti kànga yẹn bó bá ti di ìrun Àílà. Kí ó mí díẹ̀."

"Ìyá mi, kànga kì í mí."

"Bàbá rẹ mọ̀ pé ó ń mí."

"Bàbá mi kò ní pọ́ńpù oòrùn."

"Kò ní in lóòótọ́. Làákàyè ló ní."

Ẹnì kan fi ikọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀. Àlàájì tún agbádá rẹ̀ ṣe léjìká, aṣọ náà sì han bí ilẹ̀kùn tí kò lépo.

"Ìyá mi, mo gbọ́ pé ẹ ń to òkúta sínú odò gbígbẹ, ẹ̀yin àti àwọn àgbà obìnrin, bí ìgbà tí ọmọdé ń kọ́lé yẹ̀pẹ̀. Ta ló máa mu òkúta? Wákàtí tí ẹ bá ní kí n ti kànga mi, ṣé ẹ mọ iye ẹnu tó máa kọjá níbẹ̀ láìmu? Bàbá mi ni ẹ fẹ́ gba èrè yẹn lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ṣé bàbá rẹ ló ń béèrè iye ẹnu, àbí ìwọ?"

Ibi tó yẹ kó dákẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú wà lára rẹ̀, ojú èèyàn sì máa ń ṣe Àlàájì bí ọtí ṣe máa ń ṣe aláìmọ̀mu. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ gbọ́, gbogbo Kambolé. Bí omi mi bá dá ní ọjọ́ kan ṣoṣo kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ẹ mú ọ̀dà funfun, kí ẹ fi pa orúkọ tó wà lára tánkì yẹn rẹ́. Mo fi Ọlọ́run búra."

Lèmámù tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ìdíátù yíjú sí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Orúkọ méjì ló wà lára rẹ̀, Àṣírù."

"Méjèèjì ni kí wọ́n pa rẹ́."

Ìdíátù ká ìborùn rẹ̀ mọ́rí, ó bá ọ̀nà àfonífojì lọ.

Oṣù Ṣáábánì lé. Ní ọjọ́ kẹta rẹ̀, Ràhámátù ju okùn sínú kànga orí òkè, ó gbọ́ agogo ní ibi tí kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Àlàájì lórí wásáàpù, ó ya fọ́tò okùn náà mọ́ ọn. Àlàájì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kouloundè, àwọn oníbàárà yí i ká. Kò ka ọ̀rọ̀ náà dé ìsàlẹ̀. Ó pe Tìjání lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó béèrè bóyá omi ń ṣàn. Tìjání ní ó ń ṣàn. Ó wá fi ohùn ránṣẹ́ sí Ràhámátù, ó sọ ọ́ sókè kí àwọn oníbàárà lè bá a gbọ́.

"Ọmọ mi, ẹni tó wà lójú omi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá sọ̀rọ̀. Omi ń ṣàn. Okùn rẹ ni kí o lọ wọ̀n."

Inú àwọn oníbàárà dùn. Ẹnì kan ní kí ó jẹ́ kí òun tún un gbọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, iye bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè. Àwọn darandaran ti kọjá lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, ẹni tó bá ń bọ̀ láti oko ní láti dúró mu. Alaalẹ́ ni fóònù ń dún ní ìdí dóńgóyárò lẹ́yìn Màgàríbì.

"Tìjání, ṣé ó ń ṣàn?"

"Ó ń ṣàn, Àlàájì. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí..."

"Mélòó?"

"Ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́jọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé..."

"Ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́jọ." Ẹ máa gbọ́ bí kálámù ṣe ń ha lórí ìwé. "Ó kú díẹ̀."

Fóònù á kú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Tìjání gbìyànjú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ó gbà pé wọn kò gba òun síṣẹ́ láti sọ̀rọ̀, láti kà ni wọ́n gba òun. Ó lọ wá agolo mílíìkì mìíràn.

Àlàájì fúnra rẹ̀ wá lọ́jọ́ Jímọ̀ méjì nínú oṣù náà. Ó ṣí róbínẹ̀ àkọ́kọ́, omi dà. Ó ṣí ìkẹfà, omi dà. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ańkáṣífù, ó wo orúkọ rẹ̀ lókè, ó bá ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin tó ń pọnmi kúnlẹ̀ kí i. Ó rò pé ọ̀wọ̀ ló jẹ́ kí wọ́n máa wo ara wọn lójú.

Ọjọ́ sàráà pé. Wọ́n ta àtíbàbà sétí títì, wọ́n to àga. Ọkọ̀ mẹ́ta dé láti Sokodé, àwọn oníṣòwò Kouloundè kún inú wọn bámú. Àwọn àlùfáà ka Kùránì parí, wọ́n ṣàdúrà fún Àkànó, wọ́n ṣe é dáadáa, ẹni tó bá fetí sílẹ̀ lè rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Àlàájì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Ó kọ́kọ́ ní kí àwọn àlejò mu omi. Ife dígí ni wọ́n fi bù ú fún wọn. Àlàájì Abíọ́dún, ẹni tó ń ta irin ní Kouloundè, tó sì jẹ́ òun ló gbẹ́ kànga tó ń fún ìlú méjì lómi, mu tirẹ̀ tán, ó gbé ife náà sójú oòrùn.

"Omi yìí dùn o. Ó dà bí omi kànga àtijọ́."

"Láti inú àpáta ni," ni Àlàájì Àṣírù dáhùn nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Mítà ọgọ́rin."

Ó wá fi ojú wá Ràhámátù. Ọmọbìnrin náà jókòó lẹ́yìn pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìdíátù, ó sì hàn pé ibẹ̀ wù ú.

"Mamusẹ́ẹ̀lì bírò omi, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Ṣé omi ń ṣàn àbí kò ṣàn?"

"Ó ń ṣàn, Bàbá."

"Okùn yín ńkọ́?"

"Ohun tí okùn mi sọ fún yín náà ló ṣì ń sọ."

"Ẹ gbọ́ o." Ó yíjú sí àwọn ará Kouloundè, ó rẹ́rìn-ín. "Ìwé ló kà, n kò bá a jà. Ìwé kan sọ pé kànga gbọ́dọ̀ sinmi bí arúgbó. Gbogbo ọ̀sán ni tèmi fi ń ṣiṣẹ́, kò sinmi lọ́jọ́ kan, gbogbo Kambolé sì gbọ́ nígbà tí mo búra lé e lórí. Ó dá lọ́jọ́ kan bí? Ẹ dá mi lóhùn."

Wọn kò dá a lóhùn. Ó gbà á bí ẹni gba ìyìn.

"Ó dáa. Ní Kouloundè, ẹ béèrè iye ẹnu. Tìjání, dìde. Mélòó?"

Tìjání dìde. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sún mọ́ ọn, nítorí ohùn tó kù lọ́fun rẹ̀ kò pọ̀.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ó lé igba."

Àlàájì tún bi í. Tìjání tún un sọ. Àwọn ará Kouloundè bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà wọn.

"Mo ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́," ni Àlàájì wí. Ó yọ ọ́ jáde ní àpò. "Alaalẹ́ ni mò ń kọ ọ́. Ó ti ju ọ̀kẹ́ méjì lọ ní ìjẹta."

"Òótọ́ ni, Àlàájì. Ìyókù wà nínú agolo kejì."

"Kí ló gbé e débẹ̀? Pa wọ́n pọ̀."

"Wọn kò ṣeé pa pọ̀. Mo ti bi Lèmámù."

Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ Lèmámù. Lèmámù dìde díẹ̀ lórí ẹní rẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ dìde tán.

"Ó bi mí pé ta ló ni èrè omi. Mo ní ẹni tó bá gbé omi dé ẹnu ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ni."

"Ta ló tún gbé e bí kì í ṣe èmi?" Àlàájì ti gbàgbé pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣì wà lẹ́nu òun, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ tó ń rọra kọjá lójú títì sì yọ orí síta. "Tìjání, ẹnu ta ni agolo kejì?"

Tìjání wo Ìdíátù. Ìdíátù mi orí pé kí ó máa sọ.

"Ti Ìyá Ìdíátù ni, àti ti obìnrin mẹ́sàn-án. Omi àfonífojì ni wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé wá, tí wọ́n ń fi pọ́ńpù oko tòmátì rọ sínú tánkì kí a tó pe ìrun Àsùbá, kí wọ́n má bàa pa orúkọ Àkànó rẹ́. Kànga yín ti gbẹ láti ọjọ́ mọ́kàndínlógún, Àlàájì."